Onírú Tí Kò Gbóòórùn Mọ́

Ní Ìbàfò, ní àdúgbò wa tó wà lẹ́yìn ilé epo, kò sí ẹni tí kò mọ Sùwéébátù, ìyá Salmah, tó ń ṣe irú. Ọmọ Ifọ̀ ni. Ọkọ ló gbé e dé Ìbàfò ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, nígbà tí oko gbágùúdá ṣì wà níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù kún lónìí. Bíríkìlà ni ọkọ náà, Tàjùdéèn ni wọ́n ń pè é. Ó ti ṣe aláìsí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Salmah, ti wà nílé ọkọ ní Mowé. Sùwéébátù nìkan ló kù nínú ilé oníyàrá méjì yẹn, òun àti ìkòkò ńlá mẹ́rin, odó kan, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ igbá.

Iṣẹ́ irú kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Hóró irú le bí òkúta. Èèyàn á sè é láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á dà á sódó, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí èèpo dúdú ara rẹ̀ á fi bó, á fọ̀ ọ́ lómi mẹ́ta mẹ́rin, á sì tún un sè. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, kò tíì di irú. Wọ́n á dà á sínú igbá nígbà tó ṣì gbóná, wọ́n á fi ewé àti àpò ìdọ̀họ bò ó, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Abẹ́ ewé yẹn ló ti ń di irú. Á máa gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná, á máa yọ̀, òórùn rẹ̀ á sì máa yí padà láti wákàtí dé wákàtí. Bí èèyàn bá tètè ṣí i, ẹ̀wà lásán ló máa bá níbẹ̀. Bó bá sì pẹ́ jù, ó ti bàjẹ́.

Imú ni Sùwéébátù fi ń mọ ìgbà tó bá dé ojú ẹ̀. Mo ti rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tó ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀, tó dédé gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n pè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n máa lọ o, èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé ti ṣe." Ilé rẹ̀ sì rèé, ilé mẹ́rin ló wà láàárín wa. Àwọn obìnrin àdúgbò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní imú ìyá Salmah ń rìn ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún kejì tí àìsàn kòrónà wọ̀lú, ibà kan dá Sùwéébátù dùbúlẹ̀. Ikọ́ wà ńbẹ̀, ara ríro wà ńbẹ̀. Salmah wá láti Mowé, ó tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ méjìlá, ara sì yá. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà sídìí iṣẹ́, ó gbé hóró irú kaná, ó jókòó sórí àpótí nítòsí ààrò, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ìyá mi ló sáré wọ agbolé náà.

"Ìyá Salmah! Ṣé ẹ ò sí nílé ni? Ìkòkò yín ń jó!"

Sùwéébátù yíjú sí ìkòkò. Èéfín dúdú ti ń yọ lábẹ́ ọmọrí. Ó jókòó tì í, kò sì gbóòórùn nǹkan kan. Ó gbé ìkòkò sọ̀, ó dúpẹ́, ó ní oorun ló gbé òun lọ. Nígbà tí ìyá mi lọ tán, ó wọlé, ó mú àlùbọ́sà, ó là á sí méjì, ó gbé e sí imú. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbóòórùn àlùbọ́sà. Ó mú ọṣẹ ìfọṣọ, ó mú òróró Mẹ́kà olóòórùn dídùn tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Bákan náà ni gbogbo wọn rí.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé á padà bọ̀ sípò, nítorí wọ́n ní tàwọn mìíràn padà. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́fà kọjá. Ta ló máa ra irú lọ́wọ́ onírú tí kò gbóòórùn? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ ka irú rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kẹta, ó ti ṣe. Nígbà òjò, ọjọ́ kẹta a máa kéré. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, a máa pọ̀ jù. Irú rẹ̀ á dára lónìí, kò ní dára lọ́la, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

Ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ jù lọ ni Àjíbíkẹ́, tó ní ìsọ̀ èlò ọbẹ̀ lẹ́bàá títì márosẹ̀. Àjíbíkẹ́ fi ọdún méje jù ú, Àǹtí ló ń pè é. Lọ́jọ́ kan, Àjíbíkẹ́ ní àwọn ilé oúnjẹ mẹ́ta tuntun ti ń ra irú lọ́wọ́ òun, ó ní kí Sùwéébátù sọ èyí tó ń gbé wá di ìlọ́po mẹ́ta. Inú Sùwéébátù dùn, ṣùgbọ́n igbá rẹ̀ kò gbà á, ilẹ̀ yàrá rẹ̀ kò sì gbà á. Ó rántí kúlà ńlá kan tí Salmah fi mú ohun mímu tutù nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Ó rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ooru ni irú ń fẹ́, kúlà tó ń pa ooru mọ́ á dára. Ó da irú gbígbóná kún inú rẹ̀ dé ẹnu, ó dé e pa, ó ka ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣí i, ó rí i pé ó rọ̀, ó sì ń yọ̀. Ó gbé e sórí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó gbé e lọ.

Àwọn èèyàn mẹ́rin ló ń rajà ní ìsọ̀ Àjíbíkẹ́ lọ́jọ́ náà. Àjíbíkẹ́ ṣí ọmọrí kúlà, ó sì fò sẹ́yìn. Obìnrin kan tó di ọmọ sẹ́yìn bo imú, ó sọdá sí òdìkejì. Ẹlòmíì pòṣé.

"Ìyá Salmah, kí lo gbé wá yìí?"

"Irú ni, Àǹtí."

"Irú wo? Èyí tó ń rùn bíi ṣálángá yìí? Ṣé o ò gbóòórùn ni?"

Bó ṣe wí gan-an ló rí. Àwọn tó ń rajà rẹ́rìn-ín, Sùwéébátù sì sáré dé kúlà náà. Àjíbíkẹ́ rò pé ìwà àìbìkítà ni, inú sì bí i sí i. Ó ní àwọn oníbàárà òun ń kùn láti ìgbà pípẹ́, òun ló ń bẹ̀ wọ́n. Ó ní kó gbé ẹrù rẹ̀, òun á ra tòun lọ́wọ́ ẹlòmíì. Sùwéébátù ru kúlà náà lọ sílé. Kò wọ kẹ̀kẹ́, nítorí kò mọ bí òórùn rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kò sì fẹ́ kí wọ́n lé òun bọ́ọ́lẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi ṣí ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó wọkọ̀ lọ sí Ifọ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó bí i.

Wúlẹ̀mọ̀tù ni orúkọ ìyá náà, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé. Òun ló kọ́ Sùwéébátù ní irú láti kékeré. Sùwéébátù kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde mọ́. Ó gbé orí lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sunkún. Ìyá fi oríkì rẹ̀ pè é, oríkì tí kò sẹ́ni tó tún ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé.

"Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ mi. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ìyá mi. Imú mi ni. Mi ò gbóòórùn mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan."

Ó ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Báwo lo ṣe da irú sínú kúlà náà? Ó ga tó kí ni?"

Sùwéébátù fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé orúnkún.

"Haà! O pa á. Irú ń gbóná, Àṣàkẹ́. Bó bá pọ̀ lójú kan, ti àárín ò ní ríbi gbé ooru rẹ̀ sí, kò sì ní rí afẹ́fẹ́. Ṣé o rí i kí n da irú sínú igbá kó ga ju ìka mẹ́ta lọ rí?"

Sùwéébátù ronú. Lóòótọ́, igbá ìyá rẹ̀ máa ń pọ̀ nílẹ̀ lọ súà, ohun tó wà nínú wọn kì í ga. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ tirẹ̀ kún nígbà tí oníbàárà ń pọ̀. Nígbà yẹn, imú ń sọ fún un kó tó bàjẹ́, kò sì mọ̀ pé òun ń sún mọ́ ewu.

Ìyá ní kí ìyàwó ilé lọ gbé igbá irú kan wá, èyí tí wọ́n bò láàárọ̀ àná. Ó di ọwọ́ Sùwéébátù mú, ó ti ìka rẹ̀ bọ abẹ́ ewé.

"Etí igbá rèé. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Ti àárín ńkọ́?"

"Ó gbóná jù ú lọ díẹ̀. Bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe."

"Bó ṣe yẹ kó rí lónìí nìyẹn. Lọ́la á gbóná sí i. Lọ́jọ́ kejì ọ̀la, ooru náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, bó o bá sì fi ìka gbé hóró kan, okùn á fà láàárín rẹ̀ àti ìkejì, tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ṣí i. Bó bá gbóná tí ọwọ́ rẹ ò gbà á, tú u ká kíá."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Sùwéébátù lò ní Ifọ̀. Ó ń ti ọwọ́ bọ igbá láàárọ̀, lọ́sàn-án, ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ á sì gbóòórùn rẹ̀, á sọ bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á. Nígbà tó máa fi padà sí Ìbàfò, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣì í.

Ó kù síbi tí ọ̀pọ̀ irú máa gbé. Bí kò bá gbọdọ̀ ga ju ìka mẹ́ta, igbá mélòó ló máa kún yàrá? Ó gbéra, ó di Ajuwọ̀n, lọ́dọ̀ wẹ́dà kan tó ń jẹ́ Mùtàlíbù, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Mùízz. Òun ló jó ààrò irin tó ń lò pọ̀. Ó sọ ohun tó ń wá fún un, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ imú.

Mùtàlíbù fẹ́ràn kí wọ́n gbé ohun tí kò ṣe rí wá bá a. Ó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ kan tó ti bàjẹ́ wà lọ́dọ̀ òun, òun rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó kóńdẹ́, àlòkù irin, ní àdúgbò OPIC. Ikùn ẹ̀rọ náà jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀ yí ká. Ó gbé e sórí ẹsẹ̀ irin, ó fi ọwọ́ kan sí i tí wọ́n á fi máa yí i. Ó ní, "Bí ooru bá ti ń pọ̀ láàárín, ẹ yí i, èyí tó wà láàárín á jáde, tẹ̀gbẹ́ á wọlé." Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Sùwéébátù da irú sí i, ó fi àpò bò ó, ó ń yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí i, ooru rẹ̀ kò pọ̀ jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n hóró ti tẹ̀ mọ́ ara wọn, ó di bọ́ọ̀lù bíi fùfú. Irú wóró tí wọ́n fẹ́ ti di irú pẹ̀tẹ̀ tí kò pé.

Ẹ̀ẹ̀kejì, Mùtàlíbù mú garawa ńlá kan, ó dá ihò sí ìdí rẹ̀, ó gbé e lé orí fáànù kékeré kí afẹ́fẹ́ máa gba ìsàlẹ̀ wọlé, kó gba òkè jáde. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Sùwéébátù ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìdí. Ìsàlẹ̀ ti gbẹ kakaaka bí ẹ̀pà sísun, òkè sì ń làágùn. Àárín nìkan ló dára, kò sì ju ìwọ̀n igbá kan lọ.

Mùtàlíbù tẹ orí bọ garawa. "Tàárín yìí ti ń run irú gan-an. Àbí kí lẹ rí sí i?"

Ó ti rẹ Sùwéébátù láti máa purọ́. Ó ní, "Bàbá Mùízz, báwo ló ṣe ń rùn? Ẹ sọ fún mi."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ onírú, èmi lẹ̀ ń bi?"

"Imú mi ti kú. Àìsàn ló pa á."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó fa àpótí kan wá, ó jókòó, ó nawọ́ sí ojú òsì rẹ̀. Ó ní, "Èyí ò ríran láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Iná wẹ́dà ni. Àwọn oníbàárà mi ò mọ̀. Ìka ni mo fi ń wá etí irin kí n tó jó o pọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ má sọ fún ẹnì kankan o."

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìjíròrò wọn rọrùn. Sùwéébátù kò tún fi nǹkan kan pa mọ́. Ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ní kó máa fọwọ́ kàn án, ó sì sọ pé ohun tóun ń fẹ́ gan-an ni igbá ìyá òun, kí ó pọ̀, kí ó má sì gba ilẹ̀. Mùtàlíbù na ìka sókè. Ó ní bèkírì kan wà ní ìsàlẹ̀ títì tóun máa ń bá tún nǹkan ṣe. Tíréè ni wọ́n ń to búrẹ́dì sí, wọ́n á tì wọ́n bọ inú férémù irin gíga kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lórí èkejì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é. Kọ́bọ́ọ̀dù gíga kan ni, tíréè mẹ́wàá wọ inú rẹ̀, ìka mẹ́ta péré ni etí tíréè kọ̀ọ̀kan ga, ihò wẹ́wẹ́ sì wà ní ìdí wọn. Ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè rìn. Ó fi ihò mẹ́rin sórí kí ooru lè jáde. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, Sùwéébátù ní kó ṣe àyè fún abọ́ omi, kí irú má baà gbẹ. Kò nílò iná ìjọba, kò nílò fáànù. Ikùn ẹ̀rọ ìfọṣọ kò sì ṣòfò, òun ni wọ́n fi ń fọ èèpo irú kúrò báyìí, ó yá ju ọwọ́ lọ fíìfíì.

Ìgbà tó kọ́kọ́ lò ó, ó rí i pé tíréè òkè máa ń gbóná ju tìsàlẹ̀. Ó ń pààrọ̀ wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ooru rọlẹ̀ nínú gbogbo wọn, okùn sì ń fà láàárín hóró.

Ó bu irú sínú abọ́, ó gbọ̀nà ìsọ̀ Àjíbíkẹ́. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró pẹ́, ó fẹ́ padà. Ó ti ń lọ sí oṣù márùn-ún tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àjíbíkẹ́ rí i, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú ọjà, Àǹtí." Ó kúnlẹ̀. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bi mí bóyá mi ò gbóòórùn, òótọ́ lẹ sọ. Mi ò gbóòórùn. Láti ìgbà tí mo ṣàìsàn. Ojú ló tì mí láti sọ, mo sì kó ìtìjú bá yín. Ẹ dárí jì mí. Ẹ bá mi gbóòórùn èyí. Bí kò bá dáa, màá dà á nù."

Àjíbíkẹ́ gba abọ́ náà. Kò ṣí i. Ó ń wo Sùwéébátù. "Látìgbà yẹn? Ìwọ nìkan? O ò sọ fún mi?" Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó fà á dìde, ó sì ń fi etí ìborùn nu ojú ara rẹ̀. "Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn fi ọ́ rẹ́rìn-ín, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

Lẹ́yìn náà ló ṣí i. Ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́, ó mú hóró kan sẹ́nu. Ó ní, "Èyí ni irú."

Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló padà. Méjì nínú àwọn ilé oúnjẹ yẹn ti rí ẹlòmíì, wọ́n sì wà níbẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ń sọ kiri pé irú afọ́jú-imú ni. Sùwéébátù kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ mọ́. Bí ẹni tuntun bá wá, ó máa ń sọ fún un pé Àjíbíkẹ́ ló ń bá òun gbóòórùn, òun fúnra òun sì ń fọwọ́ mọ ìgbà tó bá ṣe. Àwọn kan á fi rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rà á.

Lọ́dún tó kọjá, Salmah bímọ obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Hanifah. Èmi àti ìyá mi lọ sí ìsọmọlórúkọ náà ní Mowé. Mo rí Sùwéébátù tó gbé ọmọ náà, tó tẹ imú mọ́ orí rẹ̀, tó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tó sì gbé ojú kúrò. Nígbà tá à ń bọ̀ wálé, ó sọ fún ìyá mi pé nínú gbogbo ohun tí àìsàn náà gbà lọ́wọ́ òun, òórùn orí ọmọ náà nìkan ló dun òun débi egungun. Kò sọ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Kọ́bọ́ọ̀dù méjì ló ní báyìí. Mùtàlíbù ti ṣe ẹ̀kẹta fún obìnrin kan ní Ifọ̀, tíréè mẹ́rìnlá ni tirẹ̀. Obìnrin náà ń rọ irú kún tíréè rẹ̀ kọjá etí. Sùwéébátù wọkọ̀ lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí obìnrin náà mú ọwọ́ wá, kó wá fọwọ́ kan ti àárín.